Kì Í Ṣe Òkun Ni Ó Mú Bahia Jìnnà sí Èkó

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akọ̀ròyìn kékeré ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Èkó, àwòrán ayé kan tí wọ́n mọ róbótó bí bọ́ọ̀lù wà lórí tábìlì olóòtú wa àgbà. Eruku ti bò ó, kò sí ẹni tí ó kà á kún. Ní ọjọ́ kan, bàbá náà fa òwú funfun kan yọ, ó fi etí rẹ̀ kan lé Èkó, ó nà án dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gé e síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó darí òwú kan náà sí ìwọ̀-oòrùn, ó nà án gba orí òkun kọjá. Díẹ̀ ló kù kí òwú náà kan Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Bàbá náà wò mí lójú, ó ní, "Èwo nínú méjèèjì ni o rò pé ó jìn?" N kò rí èsì fọ̀. Láti kékeré ni mo ti gbà pé ìtòsí ni Lọ́ńdọ̀nù wà, pé ìpẹ̀kun ayé ni Bùràsíìlì.

Ẹ jẹ́ kí a fi òwú sílẹ̀, kí a mú ìṣirò. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Láti Èkó dé Salvador jẹ́ nǹkan bí 5,100. Recife, ìlú mìíràn ní etíkun Bùràsíìlì, tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ: nǹkan bí 4,550 kìlómítà ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Johannesburg. Atlanta ní Amẹ́ríkà jìnnà sí wa tó 9,400 kìlómítà, síbẹ̀ bàálù ń gbéra ní Ìkẹjà, ó ń lọ síbẹ̀ láìdúró lọ́nà. Bàálù ńlá tí ó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ kò ní lò ju bẹ́ẹ̀ lọ dé Salvador. Wákàtí mẹ́rin ni aago Èkó fi ṣíwájú aago ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbéra níhìn-ín ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yóò balẹ̀ lọ́hùn-ún ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Yóò mu ògì ní Èkó, yóò sì jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Bahia.

Ohun tí ìṣirò wí nìyẹn. Ohun tí ojú èrò ń rí kò jọ ọ́ rárá. Kò sí bàálù kankan tí ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Salvador tààrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ débẹ̀ ní láti pòòyì. Bí ó bá gba Addis Ababa, yóò kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí ibi tí ó ń lọ, yóò fò tó 3,900 kìlómítà sí ìlà-oòrùn. Níbẹ̀ ni yóò ti wọ bàálù mìíràn tí yóò tún la ilẹ̀ Áfíríkà kọjá padà sí ìwọ̀-oòrùn, tí yóò sì gba orí òkun dé São Paulo: nǹkan bí 9,900 kìlómítà. Láti São Paulo, bàálù kẹta yóò gbé e padà sí àríwá fún 1,450 kìlómítà kí ó tó fojú kan Salvador. Ẹ rò ó pọ̀. Ó lé ní 15,000 kìlómítà fún ìrìn tí kò ju 5,100 lọ. Bí ó bá gba Doha, yóò ti fò ju 17,000 kìlómítà kí ó tó dé São Paulo lásán. Bí ó bá gba Lisbon, tí bàálù ti ń lọ tààrà sí Salvador, ìrìn náà yóò dín kù, síbẹ̀ ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà ni yóò jẹ́.

Mo ti rin ìrìn àjò yìí rí, nígbà tí iṣẹ́ ìròyìn gbé mi débẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni mo kúrò ní Èkó. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé Salvador, ẹsẹ̀ mi ti wú, orí ìjókòó irin ni mo sì ti sùn lọ́nà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde sí ojú pópó, òórùn epo pupa gbígbóná sì kí mi káàbọ̀. Obìnrin kan jókòó ti agbada rẹ̀, aṣọ funfun ni ó wọ̀, gèlè funfun ni ó wé, àkàrà ni ó ń dín. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ẹ̀wà funfun tí a bó, tí a lọ̀, tí a sì fi àlùbọ́sà pò ni. Mo sọ fún un pé ibi tí a ti ń pè é ní àkàrà ni mo ti wá. Ó bi mí pé ọjọ́ mélòó ni mo fi dé. Nígbà tí mo sọ fún un, ó mi orí, ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Áfíríkà jìnnà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Áfíríkà kò jìnnà sí i. Wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni. Ọ̀nà ìtìjú tí mo gbà wá ni ó jìnnà.

Ìyà ọ̀nà kò sì tán lórí kìlómítà. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá fẹ́ gba ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù kọjá lọ sí ibòmíràn gbọ́dọ̀ gba físà fún ìkọjá lásán, àní bí kò bá tilẹ̀ ní jáde kúrò nínú pápákọ̀ náà, àfi bí ó bá ní irú ìwé mìíràn tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Bí ọmọ Èkó bá fẹ́ lọ kí ìbátan rẹ̀ ní Bahia, òṣìṣẹ́ Yúróòpù kan lè jókòó kí ó pinnu bóyá yóò lọ tàbí kò ní lọ. Àwọn tí ó kó àwọn baba ńlá wa gba orí òkun yìí kọjá ní ọjọ́sí kò béèrè físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nísinsìnyí tí àwa fúnra wa fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wa lọ, ẹnu ọ̀nà wọn ni a tún ti ń tọrọ àyè.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni ó pa àwa àti Bahia pọ̀, kí ó lọ sí Pópó Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dì ní Salvador ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti gba òmìnira ni ó wá ọkọ̀, tí wọ́n padà sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Wọ́n kó iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà wá. Ọwọ́ wọn ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Frejon tí àwọn ìdílé Àgùdà ń sè ní ọjọ́ Jímọ̀ Rere, láti ọ̀dọ̀ wọn ni. Ní òdìkejì òkun, Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1910 ṣì ń kọrin sí Ṣàngó ní èdè tí ìyá àgbà Ọ̀yọ́ yóò dá mọ̀.

Ohun tí ó sì yẹ kí ó dùn wá jù lọ nìyí: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀nà yìí dí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọkọ̀ ojú omi ń lọ, ó ń bọ̀ láàrin Èkó àti Bahia. Ọṣẹ dúdú, obì, epo pupa àti aṣọ tí a hun ń lọ; tábà àti ọtí ń bọ̀. Àwọn oníṣòwò ń rán ọmọ wọn lọ sí ọ̀hún, àwọn ti ọ̀hún náà ń rán ọmọ wá kẹ́kọ̀ọ́ níhìn-ín. Ìgbòkun ni wọ́n ta, afẹ́fẹ́ ni wọ́n gbọ́kàn lé, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn kì í kọjú sí ìlà-oòrùn. Àwa tí a ní ẹ́ńjìnnì ni a ń gba Addis Ababa lọ sí Bahia.

Kí ni ó fà á? Ọ̀nà òfurufú kì í hù bí koríko. Ènìyàn ni ó ń là á. Nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í fò wọ ilẹ̀ wa, ọwọ́ àwọn amúnisìn ni ìpinnu wà, wọ́n sì la ọ̀nà láti ìlú tí wọ́n ń ṣàkóso lọ sí ìlú tiwọn. Ọ̀nà tí ó dára fún ọ̀gá nìyẹn. A gba òmìnira ní ọdún 1960, ṣùgbọ́n àwòrán tí ọ̀gá yà sí wa lórí kò parẹ́. Títí di òní, bí olówó wa bá ní òun ń lọ sí òkè òkun, Lọ́ńdọ̀nù ni ó ní lọ́kàn. Bí gómìnà wa bá ní òun ń lọ wá olùdókòwò, ibẹ̀ náà ni. Ibi tí ọkàn bá lọ ni ọ̀nà ń là sí.

Ìjọba ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀bi náà, kò sì kéré. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè wa, Nigeria Airways, kú ní ọdún 2003. Ní ọdún 2018, wọ́n lọ ṣí aṣọ lójú orúkọ tuntun, Nigeria Air, níbi ìpàtẹ bàálù Farnborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ìgbà náà ku ọjọ́ díẹ̀ kó kógbá sílé, wọ́n gbé bàálù kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ Nàìjíríà wá sí Àbújá kí a wò ó. Bàálù àyálò láti Etiópíà ni. Ó balẹ̀, a ya fọ́tò, ó sì padà síbi tí ó ti wá. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé Lomé. Ní ọdún 2013, ilé iṣẹ́ Ethiopian Airlines bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò sí Bùràsíìlì, Lomé ní Tógò ni bàálù wọn sì ti ń dúró kí ó tó gorí òkun. Lomé kò jìnnà sí Èkó ju nǹkan bí 230 kìlómítà lọ. Tógò kò ní tó ìdá ogún àwọn ènìyàn tí ó wà ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni bàálù Bùràsíìlì ń balẹ̀ sí nígbà náà, òkè orí wa ni ó sì ń gbà. Ilé iṣẹ́ TAAG ti Àǹgólà náà ń fò tààrà láti Luanda sí São Paulo. Àǹgólà kò tó wa níye, kò sì tó wa lọ́jà. Ohun tí wọ́n ní tí àwa kò ní ni ìjọba tí ó mọ̀ pé ọ̀nà yẹn wúlò fún òun.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu ṣe àbẹ̀wò sí Brasília, òun àti Ààrẹ Lula sì jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí àdéhùn ìrìnnà òfurufú láàrin orílẹ̀-èdè méjèèjì. Wọ́n dárúkọ Air Peace gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ tí yóò máa fò láti Èkó sí São Paulo. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àdéhùn kì í gbé èrò. Bàálù ni ó ń gbé wọn. Ìwé tí a fọwọ́ sí yóò di àlòkù nínú dúróòwà bí a kò bá béèrè rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, mo ní ìjà kan pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tí ó jẹ́ São Paulo nìkan? Mo mọ ìdáhùn wọn: ibẹ̀ ni owó wà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń ṣòwò pọ̀ sí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo òwú orí àwòrán ayé yẹn. Láti Èkó dé São Paulo tààrà jẹ́ nǹkan bí 6,350 kìlómítà. Bí bàálù bá kọ́kọ́ balẹ̀ ní Salvador, kí ó tó lọ sí São Paulo, gbogbo ìrìn náà kò ju nǹkan bí 6,530 lọ. Ìyàtọ̀ náà kò tó 200 kìlómítà. Ojú ọ̀nà ni Salvador wà! A óò máa fò kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìbátan wa láìkan ilẹ̀kùn.

Àwọn tí ó mọ òwò bàálù yóò sọ pé ìbalẹ̀ kan a máa jẹ epo, a máa jẹ owó pápákọ̀ òfurufú, a sì máa jẹ àkókò. Wọn yóò tún sọ pé òfin kì í fún ilé iṣẹ́ àjèjì láyè láti gbé èrò láti ìlú kan sí òmíràn láàrin Bùràsíìlì, nítorí náà àyè àwọn tí ó bá sọ̀kalẹ̀ ní Salvador yóò ṣófo dé São Paulo. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí ọkọ̀ kan nínú ọ̀sẹ̀ máa lọ sí Salvador fúnra rẹ̀, kí ó sì padà láti ibẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ wa bá ilé iṣẹ́ Bùràsíìlì kan wọ àjọṣe, kí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo gbé èrò láti Salvador dé ìlú yòówù tí ó bá ń lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́ ń ṣe irú rẹ̀ káàkiri ayé.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé kò sí èrò. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ ìròyìn, n kò sì gbà á gbọ́. Báwo ni a ṣe fẹ́ ka èrò ní ojú ọ̀nà tí kò sí? Ẹni tí kò lè san owó bàálù mẹ́ta, tí kò lè gba físà méjì, tí kò lè fi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ṣòfò, yóò jókòó sílé, ẹ óò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fẹ́ lọ. Nàìjíríà ní ju igba mílíọ̀nù ènìyàn lọ. Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé Bùràsíìlì ní 203 mílíọ̀nù. Ṣúgà tútù tí àwọn ilé iṣẹ́ wa ń fọ̀ ní Èkó, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bùràsíìlì wá. Ní ọdún 2024, JBS, ilé iṣẹ́ ẹran ńlá ti Bùràsíìlì, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti fi bílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ dọ́là kọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́fà sí Nàìjíríà. Ṣúgà rí ọ̀nà gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Owó ń wá ọ̀nà. Ènìyàn nìkan ni a ní kí ó lọ pòòyì.

Ẹ má sì jẹ́ kí a dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú nìkan lẹ́bi. Ó ṣòro láti rọ ẹnikẹ́ni pé kí ó la ọ̀nà tuntun wá sọ́dọ̀ wa nígbà tí owó tí ó bá pa kò ní lè jáde. Ní ọdún 2022, ilé iṣẹ́ Emirates dá bàálù rẹ̀ sí Nàìjíríà dúró nítorí pé kò rí owó rẹ̀ kó lọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ó tó padà. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù tàbí Dubai, àwọn alágbára yóò pariwo, wọn yóò sì tún un ṣe. Ta ni yóò pariwo fún ọ̀nà Bahia?

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí gbogbo ènìyàn, tí n kò kọ ọ́ sí mínísítà nìkan. Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a béèrè. Èkínní, kí ìjọba àpapọ̀ sọ fún wa ní gbangba, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ibi tí iṣẹ́ dé lórí àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Brasília. Èkejì, kí orúkọ Salvador wọ inú ètò náà, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ìjọba méjèèjì mú físà rọrùn fún àwọn oníṣòwò, àwọn olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ó ń lọ bẹ ẹbí àti ilé àṣẹ wò. Àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá kò sì gbọdọ̀ dákẹ́. Bí wọ́n bá ń wọ aṣọ òkè lọ sí àjọ̀dún àṣà, tí wọ́n ń sọ pé Yorùbá wà káàkiri ayé, kí wọ́n fi owó àti ẹnu wọn ti ọ̀nà tí a óò fi rí ara wa lẹ́yìn. A kì í wà lẹ́bàá odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú.

Bàbá olóòtú wa ti di ará ọ̀run. N kò mọ ẹni tí àwòrán ayé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú rẹ̀ nílé lè mú òwú, kí ó dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ó wọn Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sì wọn Èkó sí Bahia. Bí àwọn ọmọ náà bá béèrè pé kí ló dé tí bàálù fi ń lọ sí ọ̀kan tí kò sì lọ sí èkejì, kí ó má ṣe purọ́ fún wọn pé òkun ni ó fà á.